Ìkéde Òkú Tí A Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Ilé Ìkàwé

Ìyá kan wà ní àdúgbò Tokpota tí kò gbà mọ́ pé ọmọ òun wà láàyè. Ọmọ náà ń wá kí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ìyá náà ń dá a lóhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Èmi ni mo kọ ìwé tí ó fa ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí. Mo ti fi orúkọ ṣe ibi tó pọ̀ tó.

Rédíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n rán mi lọ sí ilé ìkàwé ìjọba kan ní Àjàṣẹ́ níbí, pé kí n lọ wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe níbẹ̀ tí ariwo wọn fi ń dé títì. Obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé náà mú mi lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to àwọn ìwé alàwòrán àwọn ará Japan sí. Ìwé wọ̀nyẹn nìkan ni kíkà ti fà ya nínú gbogbo ilé náà. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, àwọn mẹ́fà jókòó yí i ká.

Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn èwe kì í wá kàwé mọ́. Fáànù ni wọ́n ń wá jẹ̀gbádùn, iná ni wọ́n sì ń wá fi sí fóònù. Mo ní kí n fún wọn ní ohun tí wọn ò lè rí nínú fóònù."

Eré tó fún wọn kì í ṣe lúdò, kì í sì í ṣe ayò. Ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn, àwọn tó kù yóò wà nínú ìtàn náà. Kálukú yóò dá ènìyàn kan sílẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ sórí fíìṣì, ìwé pélébé kan. Bí ó bá fẹ́ ṣe ohun tó le, yóò ju dé, ọmọ ayò kékeré kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ ogún, tí nọ́ńbà wà lójú kọ̀ọ̀kan. Bí ogún bá jáde, ayọ̀ dé. Bí oókan bá jáde, ó parí.

Ìwé tó bá eré náà wá láti òkè òkun kún fún òkè oníyìnyín àti ilé olódi. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti yunifásítì, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Madamu, ta ló ti rí yìnyín rí níbí? Èyí tó wà nínú firijì màmá mi nìkan ni mo mọ̀." Látìgbà náà ni obìnrin olùtọ́jú ìwé ti pa ìwé náà dé, tó ń sọ ìtàn tirẹ̀: ìlú kan wà lábẹ́ ọ̀sà wa yìí, ó ní ilẹ̀kùn irin, bí omi bá kún, ilẹ̀kùn yóò ṣí, ohun tó bá jáde níbẹ̀ yóò máa wọ àdúgbò kiri.

Ìròyìn ni mo wá gbà. Mo pada wá ní Sátidé kejì láìgbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání. Ní ẹ̀kẹta, mo ti ní fíìṣì.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wá ṣeré rárá. Ó ń fi iná jó irin pọ̀ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, iṣẹ́ tí a ń pè ní sudẹ́. Wọ́n pè é kó wá tún irin fèrèsé ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, a ń ṣeré lọ. Nígbà tó yá a kò gbọ́ ariwo irin mọ́. A yíjú padà, ó ti ṣí ohun tó fi bojú, ó gbé e mọ́ àyà, ó dúró.

Ó ní, "Ẹ má bínú o. Ẹni tó wọ inú omi yẹn, ṣé ó jáde?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò kàwé kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì wọ ilé ìkàwé rí bí kò bá ṣe pé iṣẹ́ gbé e lọ. Olùtọ́jú ìwé fún un ní fíìṣì, ó ní kó fún ènìyàn rẹ̀ ní orúkọ.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Kì í ṣe tìrẹ. Orúkọ mìíràn."

"Madamu, bí ẹ bá pe orúkọ ẹlòmíràn, mi ò ní dáhùn. Ẹ óò kàn máa pariwo ni."

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bóun náà ṣe mọ ni." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ líle yẹn kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gé irin. Kò sí ẹni tó rí àléébù kankan nínú rẹ̀.

Tọ́ntọ́n ni gbogbo wọn ń pè mí nídìí tábìlì náà, bí a ti ń pe àgbà ọkùnrin. Mo bi í léèrè nígbà kan bóyá wọ́n mọ̀ nílé pé ó ń wá. Ó ní, "Màmá mi rò pé iṣẹ́ ni. Hájà ni wọ́n, tọ́ntọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń ju dé, tẹ́tẹ́ ni wọn óò pè é. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìlú abẹ́ omi fún Hájà?"

Mi ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, mo sì jókòó ti ọkùnrin yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmọ̀ pé ó ní ẹ̀gbọ́n kan rí.

Nísinsìnyí kí n sọ ti àṣà tábìlì wa. Ní ìlú wa, bí ènìyàn bá kú, wọn yóò kọ kọmunikẹ, ìyẹn ìkéde òkú, wọn yóò gbé e lọ sí rédíò kí ará oko lè gbọ́. Wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde lórí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á lójú oorun. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kú nínú eré, wọn yóò ní, "Tọ́ntọ́n rédíò, iṣẹ́ yín dé." Èmi yóò sì kọ kọmunikẹ fún òkú inú ìtàn. Olùtọ́jú ìwé yóò tẹ̀ ẹ́, yóò kọ "Eré Ọjọ́ Sátidé" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Èrò á kà á, wọn á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á wọlé wá béèrè bí àwọn náà ṣe lè ṣeré.

Lọ́jọ́ tó kú nínú eré, ọkùnrin wa di ilẹ̀kùn irin mú kí àwa tó kù lè sá jáde. Ó ju dé. Dé náà yí, ó yí, ó dúró.

"Oókan!"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà gbá ọwọ́ mọ́ ẹnu. Olùtọ́jú ìwé ní, "Ó lè tún un jù o, mo gbà."

Ọkùnrin náà mi orí. "Rárá, Madamu. Irin ni mo dì mú. Mo mọ bí irin ṣe ń wó. Mo ti kú." Ó wá yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Tọ́ntọ́n, ẹ kọ tèmi dáadáa o. Ẹ má fi mí ṣe òkú tálákà. Ẹ fi orúkọ màmá mi sí i, ẹ ní ní Tokpota."

Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo kọ pé ìdílé lágbájá, pẹ̀lú ọkàn wúwo, ń kéde ikú ọmọ wọn, aṣiṣẹ́ sudẹ́ ní Djègan-Kpèvi, ọmọ Hájà lágbájá ní Tokpota, tí omi ọ̀sà gbé lọ. Mo fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: "A kò tíì rí òkú rẹ̀." Ó bá ìtàn mu. Nígbà tí olùtọ́jú ìwé fẹ́ kọ "Eré Ọjọ́ Sátidé" sí ìsàlẹ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ó ń ba kọmunikẹ jẹ́. Ṣé wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò pé eré ni?" Ó wo iṣẹ́ náà, ó ní òótọ́ ni, pé èyí dára ju gbogbo èyí tí a ti ṣe lọ. Ó lẹ̀ ẹ́ sí àárín àwọn ìkéde òkú tòótọ́ tí àwọn ará ìlú ti lẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó ní fọ́tò.

Ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà lọ sí ìlú Pọ́bẹ̀ láti lọ jó irin òrùlé kan pọ̀. Ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ atúnfóònùṣe. Ó rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò lò.

Aládùúgbò ìyá rẹ̀ kan ló rí ìwé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Mo lọ bá a lẹ́yìn náà, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbí bó ṣe sọ ọ́:

"Mo lọ ṣe fọ́tòkópì ìwé ìbí ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé ni. Mo ka orúkọ, mo tún un kà. Mo ní yéè, ọmọ Hájà wa nìyí. Mo pè é, fóònù kò lọ. Mo pè é títí. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìwé òkú wà lára ògiri ilé ìjọba, ó ní orúkọ, ó ní àdúgbò, ó ní orúkọ ìyá. Ta ni yóò dúró máa bèèrè bóyá eré ni?"

Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àdúgbò lórí Wasapu. Ẹnì kan níbẹ̀ gbé e lọ sí rédíò kí àwọn ẹbí lóko lè gbọ́. Rédíò wa ni. Ẹni tó gbà á lọ́jọ́ yẹn wà lábẹ́ mi níṣẹ́. Ó sọ fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀: "Ọ̀gá, mo mọ bí ẹ ṣe ń kọ̀wé. Mo rí i, mo ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

Ní tiwa, a kì í já ikú ọmọ lu ìyá lójijì. Àgbà ni yóò lọ. Wọn yóò kọ́kọ́ ní ara ọmọ náà kò yá, wọn yóò jókòó tì í, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aládùúgbò náà mọ èyí. Ó ti wá àgbàlagbà mẹ́ta.

"Wọ́n wà ní iyàrá mi, wọ́n ń múra. Ẹnì kan ní kí á jẹ́ kí Hájà kírun ọ̀sán ná. A gbọ́ rédíò láti ojúlé Hájà. A gbọ́ orúkọ. Gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí á tó dé ibẹ̀, agolo abẹ́rẹ́ tí Hájà ń tà ti dojú dé, abẹ́rẹ́ kún ilẹ̀. Wọ́n ṣì wà lórí ìjókòó. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, 'Èyí náà, wọn ò rí òkú rẹ̀?' Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣubú."

Èyí náà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n. Ó ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sí òdìkejì òkun. Àwọn tí wọ́n jọ lọ pe ilé pé ọkọ̀ náà rì. Ọdún méjì gbáko ni ẹbí fi ń sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé kò ráyè pè ni, kí wọ́n tó jẹ́wọ́ fún un. Wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú Hájà. Apá òsì kú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn ọkùnrin àdúgbò sì kírun òkú fún ọmọ rẹ̀ láìsí òkú níwájú.

Ní ọjọ́rú, ọ̀sán gangan, zẹ́mì kan, ọlọ́kadà, já ọkùnrin náà sílẹ̀ ní Tokpota pẹ̀lú iṣu mẹ́rin láti Pọ́bẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kó tó lọ sí Djègan-Kpèvi. Ó bá àga àti ìbòrí níta, ó rò pé bàbá arúgbó ojúlé kejì ló kú. Ó kí wọn kú ọ̀fọ̀. Àwọn obìnrin bú sígbe, wọ́n sá. Àwọn ọkùnrin kan náà sá, bí wọ́n tilẹ̀ ń sẹ́ báyìí. Bàbá arúgbó ojúlé kejì nìkan ló dúró nítorí ẹsẹ̀ kò gbé e.

Bàbá náà ní, "Ta ni ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Wọ́n ní o ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rédíò." Bàbá náà wo iṣu. "Òkú wo ló ń ra iṣu bọ̀ láti oko? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ padà wá, ọmọ yìí kò kú o."

Wọ́n padà. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n rò pé bí ìyá bá rí i, ó tán nìyẹn.

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú. Ìyá la ojú. Ó wò ó pẹ́. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ọkùnrin náà sọ fún mi pé ohùn yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba òun. "Tọ́ntọ́n, láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, màmá mi ò pè mí ní 'ẹ̀yin' rí."

Ìyá gbà pé àkúdàáyà ni, òkú tó fara hàn ní ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí alààyè. Ọmọ fi ìwé ìdánimọ̀ hàn án. Ó fi àpá iná tó wà lápá rẹ̀ hàn án. Ìyá ní, "Àpá náà ni àwọn àkúdàáyà fi ń wá, kí á lè mọ̀ wọ́n." Ìyá bi í pé ibo ló ti ń bọ̀. Ọmọ ní Pọ́bẹ̀. Ìyá náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé pátápátá. Dókítà ní àìsàn ti kan ọpọlọ, pé ó lè yí padà, ó sì lè má yí padà.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, èmi àti olùtọ́jú ìwé lọ tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin náà wà lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: tábìlì, dé, ìlú abẹ́ omi, ìwé tí mo kọ. Mo ní eré ni, Hájà, ẹ dárí jì wá, eré ni.

Ohùn rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa.

"Àgbàlagbà wo ló ń fi ikú ọmọ ọlọ́mọ ṣeré? Ẹ wo irun orí yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ óò ṣe irú ìyẹn." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé èyí tó kú sórí ẹsẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ wá parọ́ fún mi, àbí? Bí wọ́n ṣe parọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Mi ò tíì gbọ́ èébú tó le tó ọpẹ́ yẹn.

Àwọn ọ̀gá tó ń darí ilé ìkàwé fi òpin sí eré náà. Wọ́n gbé olùtọ́jú ìwé lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ jọ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wá. Mo pàdé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà nígbà kan, ó ní àwọn mẹ́rin ń ṣeré ní ilé ẹnì kan. Mo ní kò yẹ kí wọ́n ṣe é mọ́. Ó wò mí lójú, ó ní, "Tọ́ntọ́n, eré kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìwé yín ni." Ó tọ̀nà.

Mo máa ń bá ọkùnrin náà lọ sí Tokpota ní àwọn ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ìyá kì í jẹ oúnjẹ tó bá gbé wá. Aládùúgbò ni yóò gbà á, yóò yí abọ́ padà, kó tó lè jẹ ẹ́. Ọkùnrin náà yóò jókòó níta títí yóò fi jẹun tán. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ lọ, yóò kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò ní, "Màmá, mi ò kú. Èmi ni. Mo wà láàyè." Ìyá yóò ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà." Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá yìí, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé àkàsà àti ẹja kalẹ̀, ó ti fẹ́ jáde. Ìyá pè é padà.

"Ẹ dúró. Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú."

Ó dúró.

"Níbi tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn, ṣé ẹ rí ẹ̀gbọ́n ọmọ mi? Ó ga jù yín lọ díẹ̀. Omi ló gbé òun náà lọ."

Mo rí ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Mo rí i tó la ẹnu, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí mo ti gbọ́ ọ ní gbogbo Jímọ̀ tí mo bá a lọ: mi ò kú, èmi ni. Kò sọ ọ́.

Ó wá padà, ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rí i, Màmá."

Ìyá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wá ọwọ́ ọkùnrin náà kiri lórí aṣọ ìbora, ó dì í mú. "Ṣé aṣọ wà lára rẹ̀?"

"Aṣọ wà lára rẹ̀. Ó ní kí n kí yín."

"Ṣé omi yẹn kò tutù jù fún un?"

"Kò sí nínú omi mọ́, Màmá. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló wà."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní kó ṣí àkàsà náà fún òun. Ó bù ú, ó fi sí i lẹ́nu, ìyá sì jẹ ẹ́ láti ọwọ́ rẹ̀, òkèlè lẹ́yìn òkèlè, ó ń bi í léèrè nípa ẹ̀gbọ́n, ó ń pè é ní "ẹ̀yin", òun náà sì ń dáhùn.